Ìgbà Tí Bájì Mi Dúdú

Mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ dúdú. Mo mọ dúdú tí ìmọ́lẹ̀ ń fà, mo mọ dúdú tí ooru ń fà, mo sì mọ èyí tí oògùn tó ti gbó ń fà. Àdúgbò Bajulaiye ni mo ti kọ́ ọ, nílé ìtẹ̀wé, kí kọ̀ǹpútà tó dé tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Nígbà yẹn, ohun yòówù tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀, ìwé ìgbéyàwó ni o, kàlẹ́ńdà ni o, wọ́n á kọ́kọ́ yà á sórí fíìmù. Èmi ni mo ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn. Iná pupa kékeré kan ló máa ń wà níbẹ̀, oògùn nínú ọpọ́n méjì, omi lásán nínú ẹ̀kẹta. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kan fíìmù á dúdú, ibi tí kò bá kàn á mọ́ bíi gíláàsì. Tí ẹnìkan bá ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn, gbogbo fíìmù á ṣú bákan náà látòkè délẹ̀, bí ojú ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀. Fíìmù tó ní àwòrán, iṣẹ́ ni. Fíìmù tó ṣú bákan náà, jàǹbá ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló wá gbà mí sílẹ̀ lẹ́yìn-ò-rẹyìn.

Bàrígà létí ọ̀sà ni ilé wa. Apẹja ni wá láti etíkun Oǹdó, ìyá mi sì ti kọ́ mi ní ẹja yíyan kí eyín ọmọdé tó ká lẹ́nu mi. Ìdajì àgbá la fi ń ṣe àrò. A ó na wáyà alásẹ́ lé e lórí, a ó to ẹja sí i, igi á máa jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Èéfín ló ń yan ẹja, kì í ṣe iná. Ẹni tó bá kánjú, ẹja rẹ̀ á jó níta, á tutù nínú.

Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé ò nílò afọfíìmù mọ́, mo ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Fọlá Agoro. Ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n gbà mí fún. Ọ̀gá tó ń ya ẹ́síréè níbẹ̀, ìyẹn fọ́tò egungun, gbọ́ pé mo ti fọ fíìmù rí.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀rù òkùnkùn kì í bà yín?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ológbò ló yẹ kẹ́ ẹ bi bẹ́ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, mò ń gbálẹ̀ láàárọ̀, mò ń fọ fíìmù lọ́sàn-án. Ọkọ mi ti kú, ẹja nìkan ò sì lè gbé ọmọ mẹ́ta. Iṣẹ́ yìí ló ń gbé wọn lọ sí ilé-ìwé. Bó ṣe fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, tí mi ò sì jẹ́ kó bọ́, ni mò ń sọ fún ọmọ ọmọ mi yìí pé kó kọ sílẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá ẹ́síréè, ọ̀gá há ike pẹlẹbẹ kan mọ́ mi láyà. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ.

"Bájì nìyí," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kó kúrò láyà yín o, Màmá. Ẹlẹ́rìí yín ni."

"Ẹlẹ́rìí kí ni?"

"Ohun tí ojú ò lè rí."

Òótọ́ ló sọ. Ìtànṣán ẹ́síréè ò láwọ̀, kò lóòórùn, kò gbóná. Tó bá gba ara rẹ kọjá láàárọ̀, wàá jẹun ọ̀sán láìfura. Bó bá sì ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, á máa jẹ ara lábẹ́lẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ohun tó mọ̀ ọ́n jù ni fíìmù. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi fíìmù kékeré sínú bájì, tí wọ́n fi bébà dúdú wé e pinpin kí ìmọ́lẹ̀ lásán má baà kàn án. Ìmọ́lẹ̀ ò lè la bébà yẹn kọjá, ìtànṣán ò tilẹ̀ mọ̀ pé bébà wà níbẹ̀.

Ojú mẹ́rin ló wà lára ike náà. Ọ̀kan ṣófo, ọ̀kan ní ike tó nípọn, ọ̀kan ní bàbà, ọ̀kan ní òjé. Tí ìtànṣán bá dé, á gba ojú tó ṣófo wọlé wẹ́rẹ́, ike á dí i díẹ̀, bàbà á dí i jù bẹ́ẹ̀ lọ, òjé á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a padà. Torí náà, tí wọ́n bá fọ fíìmù, ojú mẹ́rin yẹn á hàn lórí rẹ̀, ọ̀kan dúdú, èkejì kò dúdú tó o, títí dé ibi tó mọ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń kà á ti ń mọ̀ pé ìtànṣán ni, á sì mọ bó ṣe lágbára tó. Oṣooṣù ni wọ́n ń kó fíìmù wa lọ sí ọ́fíìsì kan ní Palmgrove kí wọ́n lọ kà á, wọ́n á sì fún wa ní tuntun.

Tí a bá ń dúró de fíìmù kó gbẹ, ọ̀gá máa ń sọ ìtàn fún mi. Ó ní òyìnbó kan wà láyé ọjọ́un tó fi bébà dúdú wé àwo gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò, ó gbé irú òkúta kan lé e, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Nígbà tó fọ àwo náà, òjìji òkúta ti hàn lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò dé inú dúrọ́ọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé òkúta kan wà tó ń ta ìtànṣán fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn tó kọ́kọ́ ń lo ẹ̀rọ ẹ́síréè ò ní bájì. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n máa ń nà síwájú ẹ̀rọ láràárọ̀, kí wọ́n fi wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rà, wọ́n ń gé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Ọwọ́ wọn ni bájì wọn nígbà yẹn."

Ó wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ ò bá lọ ilé-ìwé."

Wàyí o, ẹ rántí ohun tí ọ̀gá sọ: kí n má jẹ́ kó kúrò láyà mi. Èmi ò jẹ́ kó kúrò. Mo gbé e lọ sílé, mo gbé e padà wá. Oṣù kan wá dé tí òjò ò dáwọ́ dúró, tí omi ọ̀sà gun àgbàlá wa. Aṣọ ò gbẹ. Ní agboolé wa létí omi níbẹ̀, tí òjò bá ti rí bẹ́ẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń sá aṣọ sí: okùn tó wà lókè àrò ẹja. Aṣọ ọmọ tuntun ni o, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ibẹ̀ ni. Tí o bá pàdé ará agboolé wa nígbà òjò, imú rẹ á ti mọ̀ ọ́n kí ojú rẹ tó mọ̀ ọ́n. Èmi náà á fọ yunifọ́ọ̀mù mi nírọ̀lẹ́, mà á tún bájì há àyà rẹ̀ kó má baà sọnù, mà á fi kọ́ òkè àrò. Láàárọ̀, á ti gbẹ. Odindi oṣù kan ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n kó fíìmù oṣù náà lọ, dókítà àgbà tó ni ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ọ̀gá ẹ́síréè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè wò mí lójú.

Dókítà ní, "Màmá, ẹ jókòó. Èsì bájì yín ti dé. Ó dúdú gan-an."

"Ti àwọn yòókù ńkọ́?"

"Tiwọn mọ́. Tiyín nìkan ni. Ìtànṣán tó wọ̀ yín lára ti pọ̀ ju ohun tí òfin gbà lọ. A máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ṣùgbọ́n ẹ ò lè ṣiṣẹ́ níbí mọ́. Fún ìlera yín ni."

Mo wo ọ̀gá. "Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ rí mi nínú yàrá tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́?"

Ó ní, "Mi ò rí yín rí. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń jáde."

"Ibo ló ti wá wọ̀ mí lára?"

Dókítà ní, "Màmá, ohun tí ìwé wí nìyẹn."

Mo ní, "Ìwé ò lójú, mà. Ta ló rí fíìmù náà?"

Kò sẹ́ni tó rí i. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ ránṣẹ́.

Nígbà tí mo délé, ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀. Ẹnìkan láti àdúgbò wa ti lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn náà lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi jókòó sídìí àrò, ó ń yí ẹja.

"Wọ́n ní o ti mu iná?"

"Mi ò mu nǹkankan, Màmá."

"Ó dáa náà. Tó bá jẹ́ pé o mu iná ni, jókòó sábẹ́ ẹja yìí kí n má baà ra igi."

Mo rẹ́rìn-ín, inú mi ò sì dùn. Oníbàárà wa kan wá lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹja wo síwá-sẹ́yìn. "Ìyá oníẹ́síréè, ẹ jọ̀ọ́, ẹja yìí ò ní máa tàn nínú ìṣasùn mi tí wọ́n bá mú iná lọ?" Gbogbo èrò ìdí àrò bú sẹ́rìn-ín. Ó ra ẹja náà ṣá. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀lé e kò rà.

Èsì ẹ̀jẹ̀ mi jáde, kò sí aburú kankan. Dókítà ní ìyẹn ò tíì sọ pé kò sí nǹkan, ó lè pẹ́ kó tó fara hàn. Mo jókòó lórí àpótí, mo ń wo àrò. Yunifọ́ọ̀mù mi ṣì wà lórí okùn, kò sí bájì láyà rẹ̀ mọ́. Èéfín ń gùn ún. Mo wá rántí Bajulaiye, ìgbà tí ọ̀gá ìtẹ̀wé gbé páálí fíìmù tuntun ti ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ṣí páálí náà. Nígbà tí a lò ó, gbogbo rẹ̀ ti ṣú. Ooru ló ṣe é.

Mo dìde. Ìyá mi ní, "Níbo?"

Mo ní, "Palmgrove."

"Ṣé wọ́n pè ọ́?"

"Wọn ò pè mí."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín láti Bàrígà, kí n lè ro ohun tí mà á sọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì náà, lókè ilé ìtajà kan tí kò jìnnà sí títì Ìkòròdú. Bàbá kan tó wọ dígí ni mo bá níbẹ̀, òun nìkan, àwọn bájì onírúurú ilé ìwòsàn tò sí iwájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́," ó ní. "A kì í fi fíìmù han aláìsàn."

"Bàbá, èmi kì í ṣe aláìsàn. Afọfíìmù ni mí. Kí ẹ tó dé ìdí oògùn yín yìí ni mo ti ń fọ tèmi ní Bajulaiye."

Ó bọ́ dígí rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó dìde, ó tú inú páálí kan, ó mú fíìmù kan tí kò ju èékánná mẹ́rin lọ jáde, ó gbé e lé orí àpótí oníná. Ó ní kí n sún mọ́ ọn.

Mo wò ó. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Bàbá, ojú mẹ́rin dà?"

Ó tẹ̀ síwájú. Dúdú náà tẹ́ bẹẹrẹ látìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Kò síbi tí òjé ti dí nǹkankan, kò síbi tí bàbà ti dí nǹkankan. Ìtànṣán wo ni kò ní bọ̀wọ̀ fún òjé?

"Ojú kan ṣoṣo ni mo fi ẹ̀rọ wọ̀n," ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo kánjú." Ó wá gbé ike bájì mi, ó gbé e sí imú. "Ìyá, níbo lẹ ń gbé bájì yìí sí?"

Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi ń béèrè.

"Nítorí kò gbọdọ̀ kúrò nílé ìwòsàn. Ìkọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá yín tó yẹ kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ tẹ́ ẹ bá ṣíwọ́. Ó wà nínú ìwé tí a fún wọn lẹ̀ mọ́ ògiri: kò gbọdọ̀ délé, kò gbọdọ̀ rí oòrùn, kò gbọdọ̀ rí iná. Ẹni tó bá gbé e lọ sílé ti rú òfin, wọ́n lè lé e."

Mo mọ ìwé náà. Ó ní etí pupa. Àárọ̀ àárọ̀ ni mo máa ń nù ún, kí eruku má bò ó. Mo ti nù ún títí ó fi ń dán.

Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Mo lè ní bóyá ẹnìkan gbé e sínú oòrùn. Ṣùgbọ́n irọ́ ò lè ṣàlàyé dúdú yẹn, òtítọ́ nìkan ló lè ṣàlàyé rẹ̀. Mo ní, "Òkè àrò ẹja ni, Bàbá. Odindi oṣù kan."

Bàbá yìí rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Abájọ! Ọjọ́ tí wọ́n kó wọn dé, mo ń wá ẹni tó jẹ ẹja gbígbẹ lórí tábìlì mi!"

Nígbà tó gbádùn, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó, àfi ká dán an wò. Ó fún mi ní bájì tuntun méjì tí ojú mẹ́rin wà lára wọn. Ọ̀kan, kí n fi kọ́ òkè àrò gan-an níbi tí yunifọ́ọ̀mù ń gbé. Ìkejì, kí n fi sínú yàrá, níbi tó tutù. Ẹ̀kẹta wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn, kó lè jẹ́ òṣùwọ̀n fún àwọn yòókù. Ó ní gbogbo bájì ló ní irú ẹnì kejì bẹ́ẹ̀ tó jókòó sílé, torí ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà tí kò sí wàhálà, kò lè mọ̀ ọ́n nígbà tí wàhálà bá dé.

Ìyá mi wo bájì lórí okùn. "Irú ẹja wo nìyí? Mélòó lẹ ń tà á?"

"Kì í ṣe títà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ẹ má sì dín igi kù."

"Mo ti ń yan ẹja fún ọgọ́ta ọdún, ike ni mo wá fẹ́ yan báyìí." Ṣùgbọ́n ó ṣọ́ ọ ju ẹja lọ. Ọmọ aládùúgbò kan tó fẹ́ yọ ọ́ wò, ó fi igi ìkoná gbá a lọ́wọ́.

Wọ́n sọ fún mi pé bájì tòde òní ò ní fíìmù nínú mọ́. Ẹ̀rún kan bí iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, tí ń gbé ìtànṣán mì. Tí wọ́n bá fẹ́ kó jẹ́wọ́, wọ́n á yan án lórí iná, á sì máa tàn. Bí ìtànṣán tó gbé mì bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe tàn tó. Mo sọ pé ayé yí padà: ooru tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni wọ́n wá fi ń wá òtítọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo kó bájì méjèèjì padà lọ. Bàbá ní kí n bọ́ sínú yàrá òkùnkùn kí n fọ̀ wọ́n fúnra mi. Ọwọ́ mi ò gbàgbé. Ti inú yàrá àti ti inú dúrọ́ọ̀ mọ́ bákan náà. Ti òkè àrò ṣú, ó tẹ́ bẹẹrẹ, kò sí ojú kankan lára rẹ̀.

"Ó tán," Bàbá ní. "Mà á kọ ìwé. Wọ́n á gbà yín padà."

Ó yẹ kí n jáde nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí àpótí oníná, èyí tí mo wọ̀ àti èyí tí a yan, mo sì ń wò ó. Ojú afọfíìmù ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀. Èyí tí a yan tẹ́ pátápátá. Tèmi tẹ́, ṣùgbọ́n ní igun kan, níbi tí òjé máa ń wà, ó fi díẹ̀ mọ́ ju ibi yòókù lọ. Díẹ̀ báyìí ni, bí ojú òkun níbi tí àwọ̀sánmà ti ṣí díẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo igun yìí."

Ó fi awò wò ó. Ó pẹ́. "Òótọ́ ni. Ìtànṣán díẹ̀ wà lábẹ́ ooru náà. Ṣùgbọ́n kò tó nǹkan, Ìyá. Kò dé ibi tí òfin dé. Ẹ gba ìdáláre yín, ẹ máa lọ."

"Kò tó nǹkan fún mi. Ṣùgbọ́n ibo ló ti rí mi?"

Mo ti mọ̀ kí n tó bi í. Nígbàkígbà tí ọ̀gá bá fẹ́ tẹ ẹ̀rọ, mo máa ń jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi nìkan kọ́ ni mo ń jókòó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá ń jókòó sí pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Mo ní, "Ẹ kọ méjèèjì. Ẹ kọ ti ooru, ẹ kọ ti igun náà."

"Ìyá, ẹ gbọ́ mi. Ẹ ti rú òfin bájì. Tẹ́ ẹ bá tún ní ilẹ̀kùn wọn ń jò, wọn ò ní gbà yín padà. Ta ló fẹ́ràn ẹni tó gbé ẹjọ́ méjì wálé?"

"Ẹ kọ ọ́, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá kọ ẹyọ kan, mà á fẹnu sọ èkejì."

Ó kọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sì tẹ̀lé mi lọ sí Fọlá Agoro, ó gbé àpótí kékeré kan dání tó ní ọwọ́ ìdìmú. Nígbà tí ọ̀gá ẹ́síréè gbọ́ ohun tó gbé wa wá, ojú rẹ̀ korò.

"Màmá, ilẹ̀kùn mi lẹ fẹ́ fi rọ́pò ẹja yín?"

"Ọ̀gá, ẹja ti gba ẹ̀bi tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà rojọ́."

Dókítà àgbà ní kí wọ́n ṣe é lójú òun. Bàbá ní kí n pọn omi kún garawa kan, kí wọ́n gbé e sórí ibùsùn tí aláìsàn máa ń sùn sí. Ó ní omi ló pọ̀ jù lára èèyàn, garawa yẹn á ṣe aláìsàn láìkérora. Ó wá tan àpótí rẹ̀. Ó ta kẹ́, ó dákẹ́, ó tún ta kẹ́.

Mo ní, "Wọn ò tíì tan ẹ̀rọ, ó sì ti ń ké."

"Ilẹ̀ tí a dúró lé ń ta ìtànṣán díẹ̀, ọ̀run náà ń ta díẹ̀. Kì í dákẹ́ pátápátá láéláé. Ẹ wò ó, Ìyá, ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kún, wáyà tín-ínrín kan gba àárín rẹ̀ kọjá tí iná wà lára rẹ̀. Tí ìtànṣán bá gba inú rẹ̀ kọjá, á gbún afẹ́fẹ́ yẹn, iná á fò sára wáyà, ẹ ó gbọ́ kẹ́."

"Ó yé mi. Okùn ìwọ̀ ni. Ẹ ò rí ẹja, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó fà á."

"Gẹ́lẹ́," ó ní. "Èmi ò tíì gbọ́ ẹni tó sọ ọ́ báyẹn rí."

Ọ̀gá wọlé, ó ń tẹ ẹ̀rọ léraléra. Bàbá gbé àpótí gba ara ògiri: kẹ́, kẹ́. Ó gbé e gba àárín ilẹ̀kùn: kẹ́, kẹ́. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí ilẹ̀kùn ti ń pàdé férémù, ní ìwọ̀n orí ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àpótí náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí iyọ̀ tí wọ́n dà sínú iná.

Bàbá fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó bi ọ̀gá bóyá ẹnìkan fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà láìpẹ́. Ọ̀gá fọwọ́ di orí mú. Ó ní òjò tó rọ̀ lóṣù yẹn ti jẹ́ kí igi ilẹ̀kùn wú, kò lè padé. Wọ́n pe káfíńtà. Káfíńtà fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè padé, ó sì fá etí òjé tó ń dí ìtànṣán nínú rẹ̀ mọ́ igi. Òjò kan náà tó gbé aṣọ mi sókè àrò ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìtànṣán.

Bẹ́ǹṣì náà wúwo. Mi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, mo wọ́ ọ gba inú ọ̀nà títí mo fi dé ògiri kejì, ìró rẹ̀ ń dún lórí simẹ́ǹtì. Dókítà àgbà ń wò mí.

"Màmá," ó ní nígbà tí mo ṣe tán, "ẹ gbé bájì lọ sílé. Ó wà nínú òfin pé ẹ ò gbọdọ̀ gbé e lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo gbé e lọ. Ìwé tó wà lára ògiri yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń nù ún, ẹnìkan ò kà á fún mi rí. Ẹ bá mi kà á, mo bẹ̀ yín."

Mo rò pé á pe nọ́ọ̀sì kan. Kò pè é. Ó lọ síbi ògiri fúnra rẹ̀, ó kà á sókè ní Yorùbá, látòkè délẹ̀. Ọ̀gá ń gbọ́, nọ́ọ̀sì méjì ń gbọ́. Ọ̀kan lára wọn yọ bájì kúrò nínú báàgì rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó lọ fi kọ́ ìkọ́. Dókítà rí i. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ wá ṣiṣẹ́ lọ́la."

Wọ́n ti yàrá ẹ́síréè pa títí wọ́n fi fi òjé tuntun sí ilẹ̀kùn náà, Bàbá sì padà wá gbé àpótí rẹ̀ gba gbogbo etí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí oṣù pé, fíìmù wa lọ sí Palmgrove. Ọ̀gá gba ìwé èsì, ó ń bọ̀ wá bá mi níbi tí mo ti ń gbálẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, tiyín mọ́ o! Ó wà níbí, wọ́n kọ ọ́."

Mo gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, mo nu ọwọ́ mi, mo bọ́ bájì mi, mo fi kọ́ ìkọ́ rẹ̀.

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá," mo ní. "Ẹ fún mi láyè wákàtí kan. Mò ń lọ sí Palmgrove, kí n lọ fojú ara mi wò ó."